Bàtà Tí Tíṣà Gbénró Bọ́ Lẹ́sẹ̀

N kò rí i rí kí Tíṣà Gbénró, olùkọ́ eré ìdárayá wa, jókòó nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Igbó-Ọrà bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi olùkọ́ ìṣirò ni mo máa ń wà lórí bẹ́ǹṣì. Òun a máa lọ, a máa bọ̀ lẹ́bàá ìlà, bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò. Ìrìn rẹ̀ a máa sú mi.

Lọ́dún 1968, ìrìn náà tún pọ̀ sí i. Ọdún márùn-ún ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù láì gba ife kankan, ọ̀gá ilé ìwé sì ti búra pé bí a kò bá gbà á lọ́tẹ̀ yìí, pápá á di oko ẹ̀gẹ́. Gbénró tí a ń wí yìí kò láya, kò lọ́mọ. Pápá yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

A fẹ̀yìn Tápà balẹ̀, a fẹ̀yìn Ìgàngàn balẹ̀. Táíwò, ọmọ Hàlímọ̀ Ìyá Ìbejì, ló ń gbá a wọlé, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń gbá a. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí a bá àwọn ará Láńlátẹ̀ gbá àṣekágbá, ara Gbénró kò gbà á mọ́, ó ra bàtà bọ́ọ̀lù tuntun fún Táíwò. Kò ra nǹkan kan fún Kẹ́hìndé, tí kò mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Ọmọ Igbó-Ọrà, tí ìbejì wà nílé ọ̀tún, tó wà nílé òsì, ló ṣe irú èyí!

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará Láńlátẹ̀ ti dé, a kò rí Táíwò. Gbénró gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ilé wọn. Bàtà tuntun náà wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ìbejì sì dúró tì í.

"Tíṣà, ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Méjì ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ọmọ mélòó lẹ ra bàtà fún? Ṣé ẹ fẹ́ kí Kẹ́hìndé bínú padà síbi tó ti wá ni? Ẹ gbé e. Táíwò ò lọ síbì kankan."

Ibo la ti fẹ́ rí bàtà mìíràn rà lásìkò yẹn? Gbénró rìn yí ká àgbàlá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà aláwọ tirẹ̀, èyí tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi wọ Kẹ́hìndé lẹ́sẹ̀. Ó tóbi jù fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó, wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Táíwò, ó yá, ìwọ àti Kẹ́hìndé, ẹ máa bá tíṣà lọ."

Ẹsẹ̀ lásán ni Gbénró fi sáré lọ sáré bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, nínú oòrùn ọ̀sán, títí eré fi fẹ́ parí. Ìgbà yẹn ni Táíwò gbá a wọlé. Gbogbo wa ya wọ pápá, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Nígbà tí ọ̀gá ní kí tíṣà eré ìdárayá wá gba ife, a kò rí i kó jáde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì, ní àyè mi gan-an. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Kẹ́hìndé ló bọ́ síwájú, ó ń wọ́ bàtà ńlá náà nílẹ̀, ó gba ife, ó gbé e wá fún un.

Gbénró gbé ife náà lé itan, ó ń sunkún. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé.

"Ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀ sí i," ló wí.