Èèpo Ni Bàbá Mi Gbìn

Ní iléeṣẹ́ omi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó kọ ohunkóhun sínú fáìlì kankan. Òun ni ó ń tọ́jú wọn: ó ń lu ihò sí ìwé, ó ń fi okùn dì í, ó ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn páálí, ó sì ń tò ó sórí pẹpẹ. Bí ènìyàn bá bi í léèrè ohun tí ó wà nínú fáìlì, inú a bí i, bí ẹni pé wọ́n ní kí ó tú àpótí onílé wò. Síbẹ̀, ìrìn ẹni tí omi ìlú ń gba ọwọ́ rẹ̀ ṣàn ni ó ń rìn.

Ọjọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ó ń jí ní aago márùn-ún, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà, ó ń wọ̀ ọ́, ó sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Ìdí ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá, òun náà ni ó sì ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá pe "alágbàfọ̀", èébú ni lẹ́nu rẹ̀.

Igi kan wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ náà. Òdòdó kàkàkí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí pé òdòdó rẹ̀ gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì dorí kodò bíi kàkàkí tí wọ́n so rọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ a gba gbogbo òpópónà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ògiri tuntun, àwọn bíríkìlà gé e lulẹ̀. Bàbá mi gbọ́, ó sáré lọ síbẹ̀, ó sì ká èso kan ṣoṣo tí ó ti gbó lára rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà tuntun iléeṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin tí ó ti ṣe tàípíìsì lábẹ́ bàbá mi nígbà kan. Ó bá a níbi tí ó ti ń ti èso bọ àpò.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Tí ẹ bá lè mú hóró rẹ̀ hù, kẹ́ ẹ mú igi márùn-ún wá kí wọ́n tó kun ògiri yìí tán, ẹ̀yin ni màá fi ṣe olùtọ́jú ọgbà wa. Ẹ ó máa wọlé láàárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi kò gbọ́ ọgbà rárá. Ohun tí ó gbọ́ ni pé géètì yóò tún ṣí fún òun, mégáàdì yóò sì tún dìde dúró. Nígbà tí ó délé, ó ní, "Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ihò sí ìwé, òun ló wá ń bẹ̀ mí."

Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn kọ ìlà mẹ́rin sórí ìwé kékeré kan fún un ni: kí ó rẹ hóró sómi di ọjọ́ kejì, kí ó bó èèpo rẹ̀ tó nípọn, kí ó gbin èyí tó kù sínú iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó gbẹ. Bàbá mi ka ìwé náà bí òfin ìlú, ó lu ihò méjì sí i, ó sì wá fáìlì fún un.

Hóró méjìlá ni kò jẹrà nínú èso náà. Wọ́n tóbi, ara wọn rí ṣágiṣàgi, wọ́n sì fúyẹ́ bí ìdérí ìgò onígi. Títóbi wọn wu bàbá mi. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó wọn. Èèpo kọ̀ọ̀kan ṣí, nǹkan kékeré rírọ̀ kan sì yọ jáde nínú rẹ̀. Ó kó èèpo sórí àwo, ó ju àwọn kékeré padà sínú ife omi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ ẹ̀pà rí mọ èwo ni hóró níbẹ̀.

Ìyá mi wọlé, ọṣẹ ṣì ń hó lápá rẹ̀. "Bàbá wọn, èwo lẹ fẹ́ gbìn nínú ìwọ̀nyí?"

"Hóró ni mo fẹ́ gbìn." Ó na ọwọ́ sí àwo èèpo.

"Ṣé kì í ṣe èyí tó wà nínú..."

"Ìwé ni mo kà. Ìwé ní kí n bó o, mo ti bó o. Ẹ̀gbin inú rẹ̀ nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kó tètè hù. Kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nípa hóró? Gbà, bá mi da omi yìí nù."

Ìyá mi wò mí. Àná ọjọ́ náà ni bàbá mi sọ fún mi pé ìwé ìtàn tí mo lọ kà nílé ẹ̀kọ́ gíga kò yàtọ̀ sí àlá ọ̀sán, pé ẹni tó ń ṣa páálí kiri ní iṣẹ́ lọ́wọ́ jù mí lọ. Mo yíjú sí fèrèsé. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì dùn mọ́ mi. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú èèpo ìwé, kí ló kàn án nínú ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ìyá mi kì í fi omi ṣòfò. Ó da ife náà sínú báàfù kan tó ti là, tí ó kó iyẹ̀pẹ̀ sí lábẹ́ okùn ìsáṣọ. Ó fi ìka méjì tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí igi yẹn lóró. Ewúrẹ́ pàápàá kì í fẹnu kàn án.

Bàbá mi wá agolo mílíìkì méjìlá, ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí wọn, ó bu iyẹ̀pẹ̀ kún wọn, ó sin èèpo, ó sì lẹ nọ́ńbà mọ́ agolo kọ̀ọ̀kan: OK/1 títí dé OK/12, OK fún Òdòdó Kàkàkí. Ṣíbí ìlò oògùn ni ó fi ń bu omi sí wọn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì kì í jẹ́ kó sinmi. "Fáìlì, ọjọ́ wo la máa gbọ́ òórùn?"

"Nǹkan ńlá kì í kánjú."

"Òótọ́ ni. Àwọn tó wà ní itẹ́ òkú náà ò kánjú."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan mẹ́sàn-án yọ ọrùn nínú báàfù ìyá mi. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n wá nàró, oníkálukú la ewé méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá mi pè é: "Bàbá wọn, ẹ wá wo nǹkan níbí."

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ni ó wí, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Kò pè é mọ́. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń gba ẹ̀gbẹ́ báàfù náà kọjá láìwo ilẹ̀.

Nígbà tí ó ku kí wọ́n kun ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi mú un lọ síwájú agolo méjìlá, ó sì ń ṣàlàyé nọ́ńbà wọn fún un. Obìnrin náà tẹ́tí títí dé OK/4. Ó ti ìka bọ agolo náà, ó fa nǹkan yọ, ó fọ́ ọ sí méjì. Òfìfo ni.

Ó rọra sọ pé, "Sà, èèpo lẹ gbìn."

Obìnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú báàfù. Àwọn igi náà ti ga tó ṣíbí. "Ta ló gbin èyí?"

Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó wo bàbá mi lójú, ó wá ní, "Òun náà ni, mà. Òun ló bó wọn. Èmi kàn ń bá a bomi sí wọn ni."

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí bàbá mi sáà mi orí ni ó kù. Ó wo agolo tí nọ́ńbà wà lára wọn, ó wo báàfù tó là.

Ó ní, "Ìdọ̀tí tí mo ní kí wọ́n dànù nìyẹn. N kò lè tipasẹ̀ ìdọ̀tí alágbàfọ̀ padà síbi iṣẹ́ mi."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí ìyá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ wá."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìyá mi kò sá aṣọ. Ó ká òṣùká sórí, mo sì gbé báàfù rù ú. Bàbá mi ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti bomi sí agolo méjèèjìlá. Ìyá mi ti dé ojú títì kí bàbá mi tó yọ orí síta lójú fèrèsé.

"Ṣé aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣí géètì yẹn?"

"Mi ò mọ̀," ni ìyá mi wí. Kò lè yíjú padà nítorí ẹrù orí rẹ̀. "Tí mo bá débẹ̀, màá wò ó."