Lẹ́tà Ìkẹyìn Tí Kọ̀ǹpútà Mi Tẹ̀

Kọ̀ǹpútà mi náà ló tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi lé òun fúnra rẹ̀ kúrò lọ́fíìsì wa ní Alágbàká lónìí.

Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ kíákíá.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́ o, sà."

"Àwọn tó ṣe é ní àwọn ò tọ́jú irú ẹ̀ mọ́. Ó ti darúgbó."

"Ẹ jẹ́ kí n fi tuntun tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Tuntun ò tíì ṣe é lò. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè kó tó ṣí, a ò sì tíì ní."

Mo bá tẹ̀ ẹ́. Ó jáde ketekete.

Awakọ̀ wa gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn ọkọ̀. Mi ò sunkún, mi ò bínú. Nígbà tá a fẹ́ ṣíwọ́, mo mú aṣọ tí mo máa ń fi bò ó, mo fi bo tábìlì lásán.

Ẹ bá mi dá sí i: kí ló ṣẹ̀?