Ajá Onírun Tí A So Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Omi

Ní oṣù tí kajú bá ń já bọ́ ní Goro, gbogbo agbo ilé wa a máa rùn bí ọtí kíkan. Èso á rẹ̀ sílẹ̀, eṣinṣin á bò ó, àwa ọmọdé á máa já kóró rẹ̀ sínú garawa. Àárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Tonton Marcel, àbúrò bàbá mi, gun alùpùpù dé láti Parakou, ó gbé ajá kan síwájú bí àpò iṣu. Mo ti kúrò ní ọmọdé tipẹ́, síbẹ̀ bí òórùn kajú yẹn bá kàn mí nímú, inú mi á ti bàjẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á.

Tonton ń tọ́jú ọgbà fún ìyáàfin òyìnbó kan tó ń kó àwọn ajá tí kò lólúwa jọ sílé rẹ̀. Ìyáàfin náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ń pín àwọn ajá fún ènìyàn, èyí nìkan ló ṣẹ́ kù. Irú rẹ̀, a kò rí i rí. Irun rẹ̀ ki bí ti àgùntàn, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kan dúdú, èkejì jọ aró tí wọ́n bu omi là. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi nìkan ni obìnrin láàárín ọmọkùnrin mẹ́rin, kò sì sí ohun kan nínú ilé yẹn tó jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ràn ajá náà lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àṣẹ ilé, ó sì ní òfin kan. Àlejò yòówù tó bá dé, omi la óò kọ́kọ́ fún un, lábẹ́ igi kajú ẹnu ọ̀nà. Bó bá mu ún tán, Ìyá á bi í pé ilé ta ló ti wá, kí sì ni iṣẹ́ wọn nílé wọn. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àlejò náà kò ní sùn nínú ilé wa. A bu omi fún ajá náà, a so ó mọ́ igi. Ìyá wá na ọ̀pá sí i, ó ní, "Ọmọ ilé ta nìyí? Bí ẹ ò bá mọ ìdílé ẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà, Marcel, o ó gbé e padà." Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ibi tó máa gbé e padà sí. Etí títì ló máa já a sí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Goro di ọ̀jọ̀gbọ́n ajá. Ọdẹ kan ní ìkookò ló bí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgùntàn ni, kí n lọ já koríko wá. Obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàgáṣì, wàrà dídì wọn, wá fún wa ló ki ọwọ́ bọ irun náà, ó ní ibi tútù ni ẹran yìí ti wá, kí a má jẹ́ kó kúrò lábẹ́ ìbòòji. A gbọ́, a ò kà á sí. Ìdílé là ń wá, a ò wá ìbòòji.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjà pé, mo lọ bẹ olùkọ́ wa, tí a ń pè ní maître, ó sì yá mi ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ajá mẹ́fà, onírun, elétí ṣánṣán, onírù kíká, ọ̀kan tiẹ̀ lójú aláró. Wọ́n ń fa ẹrù lórí ilẹ̀ funfun báláú. Mo sáré délé débi pé mi ò lè mí dáadáa.

Ìyá pe gbogbo ilé jọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sóko, èmi ni mo lè ka Faransé. Mo dúró láàárín wọn, mo ń túmọ̀: ẹrù fífà ni iṣẹ́ ìdílé àwọn ajá yìí, wọ́n lágbára, wọ́n lè rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá fi ìka kan ilẹ̀ funfun náà, ó ní, "Kí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yìí?" Ọ̀rọ̀ náà wà nísàlẹ̀ àwòrán: neige. N kò mọ̀ ọ́n. Ojú gbogbo ilé wà lára mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń múra àtirẹ́rìn-ín. Mo ní, "Òwú ni, Ìyá."

Ta ni kò ní gbà? Òwú kún ìta gbogbo abúlé wa lásìkò yẹn, wọ́n kó o jọ bí òkìtì, ó ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá gbà, ó mi orí. Ó ní ọmọ ilé alábàárù ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kó òwú bí tiwa. Ó tú okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Alábàárù. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Nílé wa, kò sí ẹni tó ń jẹun tí kì í ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, Ìyá ní kí Alábàárù wá ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀. A so ó mọ́ pousse-pousse, kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti omi láti ìdí pọ́ǹpù. Ajá náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí okùn ti kan àyà rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fà, ìrù rẹ̀ ń jù. Àwọn ènìyàn jáde wá wò wá, mo sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Nígbà tí à ń bọ̀, bídọ́ọ̀nù mẹ́rin tí a fi ń pọnmi ti kún, oòrùn wà láàárín orí. Ilẹ̀ gbóná tó fi jẹ́ pé mo ń fò láti orí koríko dé orí koríko. Alábàárù dúró, ahọ́n rẹ̀ gùn síta. Mo ní kó máa lọ. Ó fà díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó dùbúlẹ̀. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àwọn ènìyàn ń wò mí, mo bá fa okùn ọrùn rẹ̀, mo fà á léraléra, mo ní, "Dìde, má dójú tì mí." Omi bídọ́ọ̀nù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò rántí ṣí ọ̀kan títí ojú aláró yẹn fi yí sókè. Nígbà tí mo da omi lé e lórí, kò mira mọ́.

Ìyá Àgbà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bá mi wí, ì bá sàn kó nà mí. Ó kàn ní, "Kò sí àlejò tí a kì í fún lómi nílé yìí." Ọjọ́ kejì, mo dá ìwé padà, mo sì bi maître ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní yìnyín ni, tó máa ń bo gbogbo ilẹ̀ níbi tí òtútù wà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí Ìyá fi kú ló ń sọ pé òun lòun pa àlejò, pé òun lòun ní kó ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, mo dákẹ́.

Mo ti di olùkọ́ ní Tchaourou báyìí. Fóònù mi ti fi irú ajá yẹn hàn mí, husky ni wọ́n ń pè é, mo sì mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀ tí kò wúlò fún un mọ́. Mo máa ń rò pé ọmọ tó dúró láàárín ilé lọ́jọ́ náà ti bá ajá rẹ̀ kú. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo sọ ohun kan fún un. Ó dúpẹ́, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.