Wàláà Ọnọ́rébù

Bí mo bá ti gbóòórùn tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà, àáfà tó jẹ́ onílé wa nítòsí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo máa ń rántí. Wàláà kan wà lára ògiri rẹ̀ tí ọmọ kéwú kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ti ọnọ́rébù wa ni.

Ní Jímọ̀ tí ọnọ́rébù bá ti Ìbàdàn wálé, Àáfà á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí: "Ẹ kú ìrìn o. Lórí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, kí lẹ sọ nílé aṣòfin?" Ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni Àáfà máa kọ sórí wàláà náà.

"Ariwo 'bẹ́ẹ̀ ni' ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀," ni Àáfà máa ń wí fún wa. "Ta ló máa mọ ẹni tó dákẹ́?"

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, ọnọ́rébù wá tọrọ àdúrà. Àáfà gbé wàláà lé e lọ́wọ́ pé kó kà á sókè. Omi ẹ̀rọ: kò sí níjokòó. Ọ̀nà Ọ̀yọ́: kò sí níjokòó. Owó orí ìsọ̀: bẹ́ẹ̀ ni. Ó na wàláà padà sí Àáfà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́."

"Ọmọ kéwú tó bá mọ tirẹ̀ là ń fọ wàláà fún."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọnọ́rébù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá, mo wà níjokòó lánàá o. Ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Àáfà kò yìn ín. Ó ki kálámù bọ tàdáwà.

"Ẹ tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."