Bàbá Tokuzo Onílabalábá àti Ọ̀dùnkún Sísun

Ọjọ́ tí labalábá mutí yó lórí alága àdúgbò ni wọ́n fi mọ Bàbá Tokuzo Kanbara títí dòní. Ẹni tí kò dé Hinazawa, àdúgbò wa, rí pàápàá ti gbọ́ ọ. Ọdún ìgbà ooru la ń ṣe lọ́jọ́ náà. Èrò kún ojúbọ, àwọn àlejò ti ìlú ńlá wá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, Gonda alága sì dúró níwájú, ife ọtí ìrẹsì lọ́wọ́, òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀ tó pá. Bàbá Tokuzo gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Labalábá elésè àlùkò ló kún inú rẹ̀, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi sìn wọ́n dàgbà.

"Ẹ gbójú sókè!" ló kígbe. "Ojú ọ̀run ni wọ́n ń lọ o!"

Ó ṣí ìdérí. Ẹyọ kan kò lọ sójú ọ̀run. Labalábá tiwa yìí kì í wá òdòdó kiri. Omi ara igi tó ti kan, èso tó ti jẹrà, òógùn àti ọtí ni oúnjẹ tirẹ̀. Gbogbo wọn yà bàrà sórí Gonda. Àwọn kan ń lá orí rẹ̀, àwọn kan bà sétí ife, wọ́n tẹnu bọ ọtí. Gonda kò lè fọwọ́ lé wọn, nítorí àwọn àlejò ń ya fọ́tò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín kúrò lórí mi!"

"Má mira, Gonda! Wọn ò tíì yó."

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò. Gonda la ẹnu sílẹ̀, Bàbá Tokuzo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tọ́mọ rẹ̀ yege ìdánwò.

Ẹní koríko ló ń ṣe kó tó di onílabalábá. Ẹní tó bá tẹ́ sí yàrá rẹ, o ò ní rí àlàfo tí irun orí lè gbà kọjá. Ó lè tún padà wá lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kó ní òun wá kí ọ, kó sì máa yọjú wò bóyá o ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù lé iṣẹ́ òun. Ọ̀tá ìdọ̀tí ni. Ewé kan kì í pẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Àwọn kan ní ó máa ń gbá a kó tó bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́. Ló bá rántí igi enoki ńlá tó wà ní ojúbọ, èyí tí kòkòrò tó ń di labalábá yìí máa ń jẹ ewé rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, labalábá elésè àlùkò máa ń yí igi yẹn ká, wọ́n á máa lé ẹyẹ. Àwọn àgbà ní labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò rí ti Hinazawa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ. Igi wà, labalábá ò sí.

"Tí wọn ò bá wá fúnra wọn," ni Bàbá Tokuzo wí, "èmi ni màá mú wọn wá."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kyushu, lápá gúúsù lọ́hùn-ún, fi ẹyin labalábá ránṣẹ́ sí i. Ó gbin igi enoki kékeré sínú ìkòkò amọ̀, ó fi àwọ̀n bò ó, ó sì gbé e sí pálọ̀ Fusae, ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé wọn kò fara rọ.

"Bàbá, kòkòrò yín wà nínú abọ́ ìrẹsì mi."

"Rọra. Má fi igi ìjẹun gún un."

"Ṣé ẹ ò ní bèèrè bóyá mo ti gbé e mì?"

"O ò lè gbé e mì. Mo ti kà wọ́n láàárọ̀."

Bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Á sìn wọ́n láti ìgbà ẹyin, á tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, a ó pàtẹ́wọ́, àlejò á ya fọ́tò, àwa ará Hinazawa á sì máa yan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun, títí Olùkọ́ Nagisa Orihara fi dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ló kọ́ ní yunifásítì, kò sì ní ìtìjú kankan. Ní ọdún ooru tó kọ́kọ́ bá wa ṣe, ó lọ bá Bàbá Tokuzo nídìí àpótí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ibo lẹyin wọn ti wá?"

"Kyushu."

"Bàbá, tiwa ṣì wà o. Wọn ò pọ̀, ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Tí ti Kyushu bá lọ bá wọn dàpọ̀, tí wọ́n bímọ, tiwa á pòórá, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ ká lè sunkún."

"Ọmọdébìnrin yìí, ṣé labalábá ń gbé káàdì ìdánimọ̀ kiri ni?"

A bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún jẹ́ kí n bi yín léèrè ẹyọ kan. Ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Ọmọ wọn dà? Ẹni tó ń rọ omi sí ìkòkò lójoojúmọ́, tí ìkòkò ò kún, ṣé kò yẹ kó yẹ ìdí ìkòkò wò?"

Ojú Bàbá Tokuzo pọ́n.

"Wá nígbà òtútù. Màá fi ọmọ wọn hàn ọ́ níbí, lábẹ́ igi yìí."

Olùkọ́ wá nígbà òtútù lóòótọ́. Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò ń gbálẹ̀ ìparí ọdún ló bọ́ sí. Gbogbo wa ti gbá ojúbọ tán, a ti kó ewé jọ, a ti dáná sun ún, a sì ti ri ọ̀dùnkún sínú eérú gbígbóná. Kò sóhun tó dùn ju ọ̀dùnkún ọjọ́ yẹn lọ. Bàbá Tokuzo sì ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Òun ló ń pàṣẹ ìgbálẹ̀, òun ló ń pín ọ̀dùnkún, òun náà ló ń jẹ èyí tó tóbi jù. Ó na ọ̀kan sí Olùkọ́.

"Jẹun kí o tó bá mi jà."

Olùkọ́ gbà á, ṣùgbọ́n abẹ́ igi enoki ló ń wò. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Bàbá, ewé abẹ́ igi yìí ńkọ́?"

Bàbá Tokuzo na ìgbálẹ̀ sí iná, ó yangàn. "Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gbá abẹ́ igi yẹn. N kì í ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Olùkọ́ fi ọ̀dùnkún náà sílẹ̀ lórí òkúta. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. "Bàbá, tí òtútù bá dé, àwọn ọmọ labalábá, kòkòrò tí kò tíì ní ìyẹ́, máa ń sọ̀kalẹ̀ lára igi. Abẹ́ ewé gbígbẹ ni wọ́n ń sùn títí ìgbà ìrúwé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá Tokuzo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Nílé, nínú ìkòkò amọ̀ rẹ̀, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ewé gbígbẹ fún wọn kí wọ́n lè sùn. Ṣùgbọ́n ewé inú ìkòkò, ibùsùn ni. Ewé inú ojúbọ, ìdọ̀tí ni. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, kò ronú so méjèèjì pọ̀ rí. Àwọn tó tú sílẹ̀ nígbà ooru, òun náà ló ń dáná sun ọmọ wọn nígbà òtútù, àwa sì ń bá a jẹ ọ̀dùnkún inú iná náà. Ó ká mi lára láti kọ ọ́, nítorí èmi náà jẹ ẹ́, mo sì tọrọ sí i.

Ó wo ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀, ó wo iná.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́ tán. Ó búra níwájú gbogbo wa pé ọ̀dùnkún sísun ò ní kan ẹnu òun mọ́ títí òun á fi rí ọmọ labalábá kan lábẹ́ igi yẹn, èyí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tú sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kyushu lórí fóònù pé kó má fẹyin ránṣẹ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni?" Ó ní, "Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni." Àwọn tó ṣẹ́ kù nílé, inú àwọ̀n ló ti tọ́jú wọn títí wọ́n fi lo ọjọ́ ayé wọn tán. Fusae gba pálọ̀ rẹ̀ padà, ó sì ń ráhùn pé ilé ti dákẹ́ jù.

Nígbà tí ooru dé, Gonda sáré wá bá a lábẹ́ igi. "Bàbá, àwọn àlejò ti ń bèèrè. Ẹ tú díẹ̀ péré sílẹ̀, kínú èèyàn lè dùn."

"Inú ta ni? Tiwa àbí tiwọn?"

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ẹ máa gbá ojúbọ yín. Ibi tí òjìji igi yìí bá dé nìkan ni kẹ́ ẹ fi ewé ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Gonda wolẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà ní àtàrí, òjìji igi ká mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. "Ìyẹn nìkan? Mo gbà!" Ó sì tẹrí ba láti fi fìdí àdéhùn náà múlẹ̀.

Oṣù kejìlá dé, a kó ìgbálẹ̀ jáde. Bàbá Tokuzo ní ká ní sùúrù. Ó jókòó sórí ẹní títí oòrùn fi rẹlẹ̀, tí òjìji igi na ara rẹ̀ kọjá àgbàlá, kọjá òpópónà, ó gorí ẹnu ọ̀nà ilé Gonda. Ibẹ̀ ni Bàbá Tokuzo fa okùn dé.

"Bàbá! Ọ̀sán la jọ wò ó!"

"Ṣé mo dá wákàtí fún ọ ni?"

Ewé kún ẹnu ọ̀nà Gonda títí ọdún tuntun fi wọlé. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n labalábá kò wá. Ooru kan kọjá, òmíràn kọjá, àlejò ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní onílabalábá tí kò ní labalábá. Tí òtútù bá dé, òun àti Olùkọ́ á kúnlẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n á máa ṣí ewé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa dá a padà.

"Kí lẹ rí, Bàbá?" la máa ń bi í.

"A rí ewé."

Fusae á sun ọ̀dùnkún, á gbé e síwájú rẹ̀. "Igi ni mo fi sun ún o, kì í ṣe ewé." Á gbọ́ òórùn rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì ti àwo náà padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà le.

Ìgbà ìrúwé ló kú, nígbà tí igi enoki ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Fusae ní ohun tó bi òun kẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni bóyá atẹ́gùn ò tíì kó ewé lọ.

Lọ́jọ́ ọdún ooru, Gonda gbé àpótí ńlá kan wá sí ojúbọ, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó ti ra labalábá láti ìlú òkèèrè, ká lè tú wọn sílẹ̀ fi ṣèrántí Bàbá. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ẹ má ṣe bú u. Ó ti fẹ́ ṣí ìdérí nígbà tí Fusae jáde láàárín èrò pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì jókòó lé àpótí náà.

"Ìyá, ẹ dìde. Tìtorí Bàbá ni."

"Gonda, gbogbo ìgbà tí kòkòrò fi wà ní pálọ̀ mi, mo bú ọkùnrin yẹn. Mo bú u láàárọ̀, mo bú u lálẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fà sí labalábá títí ó fi kú, kò sì tú ẹyọ kan sílẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ̀ nígbà tó wà láàyè, ẹ ò ní fi orúkọ rẹ̀ ṣe é."

Kò dìde títí Olùkọ́ fi wá, tí wọ́n jọ gbé àpótí náà lọ sínú yàrá kan tí wọ́n fi àwọ̀n bò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọdún náà parí láìsí labalábá kankan lójú ọ̀run. Gonda ló kọ́kọ́ tẹrí ba fún Fusae, àwa yòókù sì tẹ̀ lé e.

Oṣù kejìlá tún dé. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wa. A gbálẹ̀ dé ibi okùn, a sì dúró. Gonda fúnra rẹ̀ ru igi ìdáná wá, kí ọ̀dùnkún má baà wá ewé. Olùkọ́ kúnlẹ̀ lábẹ́ enoki, Fusae, obìnrin tí kì í fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ kan aṣọ rẹ̀, kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣí ewé.

Fusae ló rí ọmọ labalábá kan. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé kan, ó pọ́n bíi ti ewé gan-an, ó ní ìwo kékeré méjì, ojú rẹ̀ dà bí ojú ológbò tó ń tòògbé. Ìyá rẹ̀ ti ẹ̀yìn òkè wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gonda fẹ́ hó yèè.

"Ẹ dákẹ́," ni Fusae wí. "Ó ń sùn."

Ó dá ewé náà padà sí ipò rẹ̀, ó fi òmíràn bò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sídìí iná, ó ṣa ọ̀dùnkún tó tóbi jù, ó fi bébà wé e, ó sì gun òkè lọ sí ibojì. A tẹ̀ lé e, a dúró sẹ́yìn díẹ̀. Ó bó o, ó gbé e síwájú òkúta, èéfín rẹ̀ ń gòkè nínú òtútù.

"Bàbá," ló wí, "a ti rí i. Ẹ jẹun."