Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wà Nílé

Àgbà aránṣọ kan wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì. Tó bá di ká gbé kọ́là sọ́rùn aṣọ kó má wọ́, kò lẹ́gbẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Láti ọmọ ọdún méje ni wárápá ti ń gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, ibi iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sì ti lé e nítorí ẹ̀. Oògùn àràárọ̀ ni ò jẹ́ kó máa ṣubú lójoojúmọ́, káàdì adójútòfò ìlera bàbá ẹ̀ ló sì ń bá a gbà á.

Káàdì yìí kì í bo ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìlélógún, àfi akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè dá gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Èwo ni bàbá wa kọ? Akẹ́kọ̀ọ́! Ọdún mẹ́ta gbáko! Ojú ń tì í, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ wárápá mọ́ orúkọ òun níbi iṣẹ́. Ó tún ń sọ fún wọn pé ìdánwò ni ò jẹ́ kọ́mọ òun ráyè yọjú síbẹ̀. Àgbàlagbà o!

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tó ti dàgbà wá fojú hàn.

Lójú ọ̀nà ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. “Tí wọ́n bá bi ọ́, yunifásítì lo wà o.”

“Kí ni mò ń kọ́ níbẹ̀, Bàbá?”

Bàbá ò tíì ronú débẹ̀. “Ìṣirò,” ló sọ. Ọmọ náà wò ó títí.

Bí wọ́n ṣe wọlé, àwọn aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. “Yunifásítì! Ìwọ rèé! A ti ń gbúròó ẹ!” Ìyá tó jẹ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́ ṣí ìwé ńlá tí orúkọ àwọn tó ń lo káàdì wà. “Ọmọ mi, ó ku ọdún mélòó?”

Ọmọ náà wo bàbá ẹ̀. Òógùn ti bo bàbá. “Mo ti parí, mà,” ló wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. “A bá ẹ yọ̀!” Akọ̀wé mú gègé pupa. “Ká yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Wàá ríṣẹ́, wàá ní káàdì tìẹ.” Ó gbé gègé lé orúkọ ẹ̀. Ọmọ yìí mọ̀ pé oògùn òun ló ń lọ yẹn, síbẹ̀ ó doríkodò, kò yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Ó fẹ́ bo bàbá ẹ̀ láṣìírí.

“Ẹ má yọ ọ́!” Bàbá ti kígbe. “Irọ́ ni mo pa. Kò lọ yunifásítì kankan. Wárápá ló ń ṣe é.”

Akọ̀wé gbé gègé sílẹ̀, ó fa fọ́ọ̀mù mìíràn, ti àwọn aláìlera, yọ. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọmọ ọdún méje.”

“Ọdún méjìdínlógún! Kí ló wá dé tẹ́ ò fi kọ ọ́ látọjọ́ yìí, Bàbá?”

Ojú gba bàbá tì. Ọmọ náà ló dá akọ̀wé lóhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá a wá ohun tó máa kọ.

“Èmi ni wọ́n ń tijú, mà.”

Akọ̀wé lu fọ́ọ̀mù náà lóǹtẹ̀, ó nà án sí bàbá. Ọmọ náà ló bá a gbà á.