Ohùn Àǹtí Nínú Rédíò

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa," ni rédíò wí. Ìyá àgbà dáhùn láti ìdí ààrò: "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?" Èéfín igi ń ta wá lójú, ògì ń hó. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì rẹ̀. Àǹtí tó ń kí wa yẹn, àbúrò bàbá mi, a ti sin ín. Mọ́tò ló pa á ní Ìyànà Ìpájà, àwọn àgbà ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá sì ní ìyá àgbà tó bí i kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ọṣẹ ni Àǹtí ń polówó lórí rédíò. Tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ló ń lọ sílé iṣẹ́ rédíò lọ sọ ọ́. A máa ń gbọ́ bó bá wúkọ́, nígbà mìíràn ẹ̀rín á gbà á. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ohùn inú rẹ̀ kò ha bí ti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rárá. Ó mọ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú téèpù, wọ́n wá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé téèpù ni, àfi ìyá àgbà.

Bó bá ti bèèrè rẹ̀, bàbá mi á ní, "Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè wálé, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ." Irọ́ burúkú gbáà ni. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì ń bá wọn pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà ò dá rédíò lóhùn. Ó kọjú sí bàbá mi.

"Ọmọ tí mo bí kì í kíni bákan náà lójoojúmọ́. Ibì kan náà ló ti ń mí, kò wúkọ́ mọ́. Níbo ni ọmọ mi wà?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bú sẹ́kún. Mo nawọ́ kí n pa rédíò.

"Fi sílẹ̀ jàre," ni ìyá àgbà wí. Kò sunkún.

Láti ọjọ́ náà, ó mọ̀, ó sì tún ń dáhùn láràárọ̀. Nígbà tó yá, ohùn ọkùnrin kan bọ́ síbẹ̀, ó ń polówó ọṣẹ kan náà. Ìyá àgbà ju ṣíbí ògì sílẹ̀, ó fi orí gbá ògiri. "Wọ́n ti pa ọmọ mi o!"

Bàbá mi náà ti lọ báyìí. Ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù mi, ó ń bèèrè bóyá mo ti jẹun. Láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò tíì lè tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa dá a lóhùn.